Ojúàmì Mélòó, Lọ́wọ́ Ta?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Super Eagles na orílẹ̀-èdè Benin ní góòlù 4 sí òdo ní Uyo. Victor Osimhen nìkan ló gbá 3 nínú rẹ̀ sáwọ̀n. Ariwo ayọ̀ sọ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ní Òmùò-Èkìtì níbí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ayọ̀ ọjọ́ náà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò dúró rò. Ojúàmì 17 ni Nàìjíríà fi parí ìdíje ìsọ̀rí rẹ̀. Burkina Faso, tí òun náà ṣe ipò kejì ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ní ojúàmì 21. Ẹni tó ní 17 ni wọ́n mú tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ní 21 ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Bí olùkọ́ kan bá mú ọmọ tó gba máàkì 17, tó sì dá ẹni tó gba 21 padà sílé, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa ni àwọn òbí yóò ti kún ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, a jó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí: ṣé ó tọ́ kí a fi agbára àwọn tí ènìyàn bá figagbága díwọ̀n ohun tó rí gbà? Bí ó bá tọ́, kí ni ó yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, nítorí kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe ojúsàájú fún wa. Orílẹ̀-èdè 54 ní Áfíríkà ni wọ́n pín sí ìsọ̀rí 9, mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ní ìsọ̀rí rẹ̀ ń lọ tààrà sí Ife Àgbáyé ọdún 2026. Nínú àwọn 9 tó bá ṣe ipò kejì, àwọn 4 tó dára jù ni yóò tún ní àǹfààní mìíràn. Ibi tí wàhálà ti wọlé ni pé Eritrea yọwọ́ kúrò ní ìsọ̀rí tí Morocco wà kó tó gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ìsọ̀rí yẹn wá ku orílẹ̀-èdè 5. Àwọn tó wà níbẹ̀ yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8, àwọn ìsọ̀rí yòókù yóò gbá 10. A kò sì lè fi 8 wé 10. Nítorí náà, wọ́n ní kí a yọ ohun tí ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì rí gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́yìn ní ìsọ̀rí rẹ̀ kúrò, kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 lè kù fún gbogbo wọn.

Djibouti ló gbẹ́yìn ní ìsọ̀rí Burkina Faso. Burkina Faso nà wọ́n ní 4 sí 1, ó tún nà wọ́n ní 6 sí òdo. Ojúàmì 6 lọ. Ó ku 15. Zimbabwe ló gbẹ́yìn ní ìsọ̀rí tiwa, àwa kò sì lè na Zimbabwe. A gbá ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, a tún gbá ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú wọn ní Uyo nílé ara wa ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Ojúàmì 2 péré ni wọ́n rí yọ lọ́wọ́ wa. Ó ku 15 fún àwa náà. Wọ́n wá ka góòlù. Bí a bá yọ iye tí wọ́n gbá wọlé wa kúrò nínú iye tí àwa gbá sáwọ̀n, 7 ló kù fún Nàìjíríà. Ti Burkina Faso ku 6. Góòlù kan ṣoṣo! Góòlù 10 tí wọ́n gbá wọlé Djibouti ti dà nù, kò sí lára ohun tí wọ́n kà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, tó na ẹni tó yẹ kó nà, ni ìṣirò náà jẹ níyà. Ẹni tí kò lè nà án ni ìṣirò náà gbà là. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé a ti jìyà ìkùnà wa níbòmíràn, òótọ́ sì ni. Gúúsù Áfíríkà fi ojúàmì 18 gba ipò kìn-ín-ní. Ká ní a na Zimbabwe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, 19 là bá ní, à bá ti lọ tààrà sí Ife Àgbáyé láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n níwájú Burkina Faso, ìkùnà náà kò wúwo mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ká ní Lesotho ló gbẹ́yìn dípò Zimbabwe, ojúàmì 4 ni wọn ì bá yọ lọ́wọ́ wa, nítorí a na Lesotho lẹ́ẹ̀kan, a sì gbá ọ̀mì pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan. Ì bá ku 13. Orin mìíràn là bá máa kọ.

Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé èrò tó wà nídìí òfin náà burú. Ó ti wà láàárín wa tipẹ́. Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n mọ̀ pé ọ̀ta àti ọ̀pẹ kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ọkùnrin kan bá jókòó sábẹ́ igi tó ní òun pa ènìyàn méje láyò lánàá, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn àgbà yóò bi í ni pé, "Àwọn wo?" Bí ó bá dárúkọ ọmọdé mẹ́fà àti àlejò kan tí kò tíì mọ ayò í ta, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín. Bẹ́ẹ̀ náà ni lóko. Ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òkè ni, àpáta ni. Ẹnì kan kọ 200 ebè lórí ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn òjò, ẹnì kejì kọ 120 lórí ilẹ̀ olókùúta tí ọkọ́ ń ta padà. Ẹni tó bá ka ebè nìkan yóò pe akíkanjú ní ọ̀lẹ. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè irú ilẹ̀ tí wọ́n bá lóko.

Nítorí náà, ìbéèrè "lọ́wọ́ ta?" tọ́. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni bí a ṣe ń dáhùn rẹ̀.

Kò síbi tí wọ́n ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí tó Amẹ́ríkà, lórí bọ́ọ̀lù tí àwọn yunifásítì wọn ń gbá. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa; èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń wọ akoto sí lórí ni mo ń wí. Yunifásítì tó wà ní ìpele tó ga jù lé ní 130, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá kó tó kan àṣekágbá líìgì rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì lè borí gbogbo eré wọn láìjẹ́ pé wọ́n pàdé alátakò kan náà rárá. Wọ́n wá yan ìgbìmọ̀ ènìyàn 13 tó ń jókòó láti sọ ẹni tó dára jù. Lọ́dún 2023, àyè 4 ló wà. Florida State gbá eré 13, ó borí 13, ó sì gba ife líìgì tirẹ̀. Alabama gbá 13, ó pàdánù ọ̀kan. Texas náà pàdánù ọ̀kan. Àwọn tí ìgbìmọ̀ mú ni Michigan, Washington, Texas àti Alabama. Florida State, tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà ní sáà náà, jókòó sílé.

Kí ni ìdí? Ìgbìmọ̀ ní Jordan Travis, ọmọkùnrin tó ń darí eré Florida State, ti ṣèṣe ní oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ náà kò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti ìgbìmọ̀ lẹ́yìn fi kún un pé líìgì Alabama le ju ti Florida State lọ. Wọ́n rí ẹ̀rí tọ́ka sí: Alabama ṣẹ̀ṣẹ̀ na Georgia tó ti borí eré 29 léra wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, Florida State pàdé Georgia yìí kan náà, Georgia sì nà wọ́n ní 63 sí 3. Inú àwọn alátìlẹ́yìn ìgbìmọ̀ dùn. Wọ́n ní, "A ò wí?" Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé Florida State dé ibẹ̀ kò sí lórí pápá lọ́jọ́ náà, wọ́n ti yọwọ́ nígbà tí eré náà kò gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ń fẹ́ mọ́. A kò lè gba ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn tán kí a wá fi àìrìn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kò lè rìn.

Mo fi ẹjọ́ méjèèjì wéra, ìyàtọ̀ kan sì hàn sí mi. Burkina Faso pàdánù nítorí ìṣirò. Ìṣirò náà lè le, ó tilẹ̀ lè rorò, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òmùò, kó ṣe é lórí ìwé, iye kan náà ni yóò rí. Florida State pàdánù nítorí ohun tí àwọn ènìyàn rò pé yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gbá eré tí wọn kò tíì gbá. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo lè rò pé Òmùò yóò na Ìkẹ́rẹ̀, kí ará Ìkẹ́rẹ̀ rò pé àwọn ni yóò na Òmùò, kí ilẹ̀ sì ṣú lé wa lórí níbẹ̀.

Nǹkan kejì tó wà nínú ẹjọ́ Florida State ló kàn wá jù. Orúkọ líìgì ni. Nígbà tí wọ́n ní "líìgì Alabama le," wọn kò sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí Alabama bá jà nìkan mọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa agboolé tó ti wá. Níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n ti ń yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Lọ́dún 2013, nígbà tí máàkì ìwọlé sí àwọn ilé-ìwé girama ìjọba àpapọ̀, èyí tí a ń pè ní Unity School, jáde, ọmọ Èkìtì gbọ́dọ̀ ní 119. Ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ ní 139. Ọmọkùnrin láti Zamfara nílò 4, ọmọbìnrin nílò 2. Àwọn tó gbèjà rẹ̀ ní ọ̀nà tí ọmọ Zamfara gbà dé yàrá ìdánwò le ju ti àwọn yòókù lọ. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí kò ní olùkọ́, tí kò ní àga, tó sì gba máàkì díẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí ọmọ náà rìn ni wọ́n wọ̀n. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ọmọ olówó tó lọ sí ilé-ìwé aládàáni tó dára jù ní Gusau wọlé pẹ̀lú àánú tí wọ́n ní àwọn ń ṣe fún ọmọ tálákà. Ọmọ àgbẹ̀ ní Òmùò tó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà kí agogo ilé-ìwé tó lù, tó gba 110, dúró síta, nítorí wọ́n ní ọmọ Èkìtì ni, ọ̀nà Èkìtì sì tẹ́jú.

Àwa ará Èkìtì náà ń ṣe é fún ara wa, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ọmọ kan yóò dé láti ilé-ìwé, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Bàbá, mo ṣe ipò kìn-ín-ní." Kí bàbá tó dáhùn, àbúrò bàbá tó wá láti Èkó fún ìsinmi yóò ti ní, "Ipò kìn-ín-ní níbo? Ilé-ìwé abúlé yìí?" Kò wo ìwé ọmọ náà. Kò béèrè ìbéèrè tí wọ́n dáhùn. Ọmọ tirẹ̀ ṣe ipò kejìlá ní Ìkẹjà, ó sì dá a lójú pé ipò kejìlá Ìkẹjà ju ipò kìn-ín-ní Òmùò lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ irọ́ pátápátá. Ohun tó dùn mí ni pé kò nílò láti mọ èwo ni kó tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni kí àwọn tí à ń fi wéra pàdé. Líìgì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ṣe é ní sáà 2022/23. Nítorí pé àkókò kò tó, wọ́n pín ẹgbẹ́ 20 sí ìsọ̀rí méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìsọ̀rí wo ló le jù? Àwọn ènìyàn jiyàn títí. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, aládùúgbò wa, wà nínú ìsọ̀rí kan. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ wà nínú èkejì. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó láti rò ó. Ẹgbẹ́ mẹ́ta mẹ́ta láti ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kó ara wọn lọ sí Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n gbá a, Enyimba gba ife. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sí bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ 20 ń pàdé ara wọn nílé àti lóko, eré 38. Nígbà tí Remo Stars wá gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024/25, ta ló lè bi wọ́n pé "lọ́wọ́ ta?" Lọ́wọ́ gbogbo yín ni.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ìpàdé ṣeé ṣe, mo mọ̀. Orílẹ̀-èdè 54 kò lè pàdé ara wọn tán. Àní nígbà tí wọ́n bá pàdé pàápàá, ọ̀nà kì í dọ́gba. Nínú eré 5 tó yẹ kí Nàìjíríà lọ gbá nílé onílé, 3 ni kò wáyé ní ilẹ̀ ẹni tó gbà wá lálejò. Ní Huye ní Rwanda ni Zimbabwe ti gbà wá, ní Abidjan ni Benin ti gbà wá, ní Polokwane ní Gúúsù Áfíríkà ni Lesotho ti gbà wá. Ṣé ìyẹn rọ̀ wá lọ́rùn ni àbí ó nira sí i? Benin nà wá ní Abidjan. A na Lesotho ní Polokwane. Ẹni tó bá lè fi ìwọ̀nyí ṣe ìṣirò tó péye, kó wá kọ́ mi.

Ohun kan tún kù tí mo rò pé a máa ń fojú fò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó le àti ọ̀nà tó rọ̀. Kí a tó lè sọ pé ẹnì kan borí ẹni tí kò lágbára, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ẹnì kejì náà ní aláìlágbára. Ojúàmì 5 ni Zimbabwe ní nínú eré 10. Nínú 5 yẹn, ọwọ́ wa ni wọ́n ti gba 2. Wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà, wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Benin, pẹ̀lú Rwanda. Ojúàmì kọ̀ọ̀kan nínú 5 yẹn, òógùn ni wọ́n fi gbà á. Nígbà tí ìṣirò sọ pé kí a ṣe bí ẹni pé a kò pàdé wọn rí, kì í ṣe Burkina Faso nìkan ló pàdánù nǹkan. Zimbabwe àti Djibouti náà pàdánù: gbogbo eré tí wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ ipò kejì gbá di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ọmọ kíláàsì tí ọmọ Òmùò yẹn ṣíwájú. Àbúrò bàbá tó ní "ilé-ìwé abúlé" kò bú ẹnì kan. Gbogbo kíláàsì ló bú.

Èrò tèmi ni pé kí a má yọ, kí a má sì fi kún un. Ohun tí ènìyàn rí gbà, kí ó wà níbẹ̀ bó ṣe rí, 21 ní 21, 17 ní 17. Kí a wá kọ ọ̀nà tó gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ rìn, kì í ṣe èyí tí a rò pé àwọn ará ìlú rẹ̀ ń rìn. Níbi tí a bá ti gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan, kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n tí kò mọ orúkọ. Èyí kò ní tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Kò dájú pé yóò tẹ́ ará Burkina Faso lọ́rùn, nítorí òṣùwọ̀n tí kò mọ orúkọ ló yọ wọ́n. Nàìjíríà ló lọ sí Morocco ní oṣù Kọkànlá. Níbẹ̀ ni a ti na Gabon ní 4 sí 1, Gabon tó kó ojúàmì 25 jọ ní ìsọ̀rí tirẹ̀, kí DR Congo tó fi pẹnáritì lé wa padà sílé. Àwọn kan fi eré Gabon ṣe ẹ̀rí pé 17 tiwa wúwo ju 25 tiwọn lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Burkina Faso kò sí níbẹ̀ láti gbìyànjú tirẹ̀.

Nínú káàdì ìdánwò tí àwọn ilé-ìwé wa ń fún ọmọ, àyè wà fún ipò, àyè sì máa ń wà fún iye ọmọ tó wà ní kíláàsì. Kò sí àyè fún iye ọ̀sẹ̀ tí kò fi sí olùkọ́ físíìsì ní sáà náà, tàbí bí ilé ọmọ náà ṣe jìnnà sí ilé-ìwé tó. Olùkọ́ kíláàsì mọ méjèèjì. Ìlà kan péré ni yóò gbà lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ ipò sí.